Ọ̀gànwó, Akíka àti Ìkóódẹ: Òfin Àgbáyé tí Ó Dé Igbó Oǹdó

Kò sí ẹni tí ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ tí kò mọ agbégilódò. Bí ó ṣe ń kọjá ní Ìlú-Abo pẹ̀lú ìtí igi ńláńlá lẹ́yìn ni àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un, tí àwọn tí ń pàtẹ ọjà lẹ́bàá títì sì ń fi ọwọ́ bo imú nítorí eruku. Gẹdú ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó rù. Irú gẹdú tí ó jẹ́ gan-an kì í sábà kan ẹni tí ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí igi orí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ìrókò tàbí arère, òfin Nàìjíríà àti ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan ni ó dè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀gànwó, apá tàbí igi osùn, òfin mìíràn tún wà lórí rẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 180 jọ fọwọ́ sí: irú igi bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ pàtàkì. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Panama ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí èyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2023.

CITES ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ àdéhùn náà sí. Ìlú Washington ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1973, ó sì di òfin ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1975. Kì í ṣe pé wọ́n fa Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ tipátipá. Ọdún 1974 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i, ó sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ìfọwọ́sí wọn sọ ìwé náà di òfin. Lónìí, ẹranko àti irúgbìn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ju 40,000 oríṣi lọ, irúgbìn ni ó sì pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì kò ju ohun tí àwọn àgbà ti sọ lọ, pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Orílẹ̀-èdè kan lè ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má pa erin mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ra eyín erin bá jókòó sí òkèèrè níbi tí òfin náà kò dé, ọjà kò ní yé tà. CITES mú ẹni tí ń gbé epo àti ẹni tí ń gbà á sílẹ̀ pọ̀. Orílẹ̀-èdè tí ọjà ti ń jáde gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé, orílẹ̀-èdè tí ọjà ń wọ̀ sì gbọ́dọ̀ béèrè ìwé náà kí ó tó jẹ́ kí ó wọlé.

Àkójọ mẹ́ta ni àdéhùn náà pín àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sí. Àwọn tí ìran wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ni ó wà nínú Àkójọ Kìíní: erin, àmọ̀tẹ́kùn, ìnàkí, odídẹrẹ́, akíka, àti ìjàpá òkun tí ń wá yé ẹyin sí etí òkun. A kò gbọdọ̀ fi èyíkéyìí nínú wọn tí wọ́n mú láti inú igbó tàbí òkun ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àkójọ Kejì ni ó ní ohun tí ó pọ̀ jù lọ. Àwọn wọ̀nyí kò tíì dé ojú ikú, ṣùgbọ́n wọn yóò dé ibẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ òwò wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀gànwó, apá àti osùn wà, níbẹ̀ náà sì ni erè àti igún wà. A lè tà wọ́n sí òkèèrè, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé. Àkójọ Kẹta jẹ́ ti ohun tí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo bẹ̀ pé kí àwọn yòókù bá òun ṣọ́, kò sì pọ̀ tó àwọn méjì ìṣáájú.

Ìwé tí Àkójọ Kejì ń béèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lóye. Kì í ṣe òǹtẹ̀ lásán tí ẹni tí ó bá sanwó lè gbà. Kí wọ́n tó fún oníṣòwò ní ìwé àṣẹ láti kó ọ̀gànwó jáde, ohun méjì gbọ́dọ̀ ti fìdí múlẹ̀. Èkíní ni pé wọ́n gé igi náà ní ọ̀nà tí ó bá òfin ilẹ̀ mu, pé kì í ṣe inú igbó ọba ni wọ́n ti jí i gé ní òru. Èkejì, tí ó le jù, ni pé kí àwọn onímọ̀ tí ìjọba yàn jẹ́rìí pé iye tí wọ́n ń gé kò ní pa irú igi náà run nínú igbó. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ láìka igi. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye ọ̀gànwó tí ó wà nínú igbó Ọlúwà, ti Ìdànrè, ti Àkúrẹ́ sí Òfòsù, bí wọ́n ṣe tóbi tó, mélòó ni ó ń hù lábẹ́ àwọn ìyá wọn, àti ọdún mélòó ni èyí tí ó kéré yóò lò kí ó tó di gẹdú. Ọ̀gànwó kì í ṣe igi tí ń yára dàgbà bí igi tíìkì tí ìjọba ń gbìn. Ẹni tí ó gbin ọ̀gànwó lónìí, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò gé e.

Ibì kan wà nítòsí Àkúrẹ́ tí ènìyàn fi lè mọ ohun tí igbó náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Àpọ̀nmù, nínú igbó ọba Àkúrẹ́, wọ́n ya ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ láti àwọn ọdún 1930 pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀, kí ó máa wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Hẹ́kítà 32 péré ni. Queen's Plot ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FUTA, ti ka igi ibẹ̀ ní àkàtúnkà, nítorí pé irú igbó àtayébáyé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní agbègbè náà. Irú iṣẹ́ kíkà bẹ́ẹ̀ gan-an ni CITES ń fẹ́ kí wọ́n ṣe fún gbogbo igbó tí wọ́n ti ń gé gẹdú, kì í ṣe fún hẹ́kítà 32 nìkan.

Àwọn tí ń la igi ní sọ́ọ̀mìlì Àkúrẹ́ àti ti ìlú Oǹdó lè béèrè pé kí ni ó kàn wọ́n nínú gbogbo èyí. Òfin náà kò sọ pé kí wọ́n má la ọ̀gànwó. Ẹni tí ó ra pákó ọ̀gànwó ní Oǹdó tí ó fi kan ilẹ̀kùn sí ilé rẹ̀ kò ṣẹ CITES. Àga àti tábìlì tí iṣẹ́ ti parí lára wọn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún igi wọ̀nyí. Ìtí igi, pákó àti páálí onígi ni wọ́n dárúkọ. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà dàrú ni pé ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti kọ gẹdú, yálà odindi ìtí tàbí èyí tí wọ́n là sí pákó, sínú àwọn ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó jáde. Ní orí ìwé, kò yẹ kí igi kan tilẹ̀ dé ẹnubodè tí a ó fi béèrè ìwé CITES lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ń jáde.

Bí ó ṣe ń jáde hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ rósíwúùdù. Ìbátan igi osùn ni igi yìí, Pterocarpus erinaceus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó sì fẹ́ràn ju inú igbó kìjikìji lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2013, òwò rẹ̀ láti Nàìjíríà sí òkèèrè kò tó nǹkan. Kò pẹ́ rárá tí Nàìjíríà fi di èyí tí ń kó o jáde jù lọ ní Áfíríkà, nítorí pé àwọn olówó ilẹ̀ Ṣáínà fẹ́ràn àga tí wọ́n fi igi pupa ṣe. Nígbà tí CITES gbé igi náà sí Àkójọ Kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2017, ìtí igi rẹpẹtẹ láti Nàìjíríà ti wà ní èbúté Ṣáínà tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni àjọ kan tí ń jẹ́ EIA, tí ń ṣe ìwádìí lórí ìwà ọ̀daràn sí àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ní ìtí igi tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.4, tí iye owó rẹ̀ ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ni wọ́n fi ìwé àṣẹ tí ó ju 4,000 lọ gbà sílẹ̀, àti pé ẹ̀yìn ìgbà tí igi ti kúrò nílé ni wọ́n tó kọ ìwé náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nínú ìjọba sọ pé àwọn tẹ̀lé òfin. Síbẹ̀, nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2018, CITES sọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n má gba igi náà láti Nàìjíríà mọ́.

Èyí ni ohun ìjà tí ó mú jù lọ lọ́wọ́ àdéhùn yìí. Kò ní ọlọ́pàá, kò sì ní ilé ẹjọ́ tí ó lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ní kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún orílẹ̀-èdè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá tàpá sí i. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Nàìjíríà rí, ju ti igi kan ṣoṣo lọ. Láti ọdún 2005 títí di 2011 ni wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má bá Nàìjíríà ṣe òwò ohunkóhun tí ó wà lábẹ́ CITES, nítorí pé òfin wà nílé ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń mú un ṣẹ, tí wọ́n sì ń ta eyín erin ní gbangba ọjà ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ eyín erin kò sì lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti Ìlú-Abo gba ọ̀nà náà lọ títí dé Ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ni àwọn agbẹ́gilére rẹ̀ ti gbẹ́ eyín erin ní ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi di àwòyanu. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn ìjòyè ń wọ̀ àti igbá ọlọ́mọrí tí wọ́n fi eyín erin ṣe wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà títí di òní, orúkọ Ọ̀wọ̀ sì wà lára wọn. Nígbà náà erin pọ̀ nínú igbó. Lónìí, erin tí ó kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500. Ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè pinnu láti gbé erin Áfíríkà sí Àkójọ Kìíní, lẹ́yìn tí iye wọn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti wálẹ̀ láti nǹkan bí 1.3 mílíọ̀nù sí nǹkan bí 600,000 láàárín ọdún mẹ́wàá.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ẹbí tí ó jogún ẹ̀gbà eyín erin lọ́wọ́ bàbá ńlá wọn? Kò sí ẹni tí yóò wá gbà á nílé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí náà bá dì í sínú àpótí láti lọ fi ṣe oyè ní London tàbí Houston, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ohun náà ti wà ṣáájú ọdún 1976 tí erin kọ́kọ́ wọ inú àdéhùn. Bí kò bá ní i, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á kí wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Bí ó bá sì ní i, kò túmọ̀ sí pé ó lè tà á níbẹ̀. Òfin Eyín Erin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2018, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2022, ti fi òwò eyín erin dè pátápátá, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ohun àtijọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkóódẹ. Ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́ yìí ṣòro láti yà kúrò lára àṣà Yorùbá. A ń rí i lórí ẹni tí ó ń ṣe orò, a sì ń rí i lára adé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà ní Àkójọ Kìíní, ìyẹ́ rẹ̀ kan sì dúró fún odindi ẹyẹ lójú òfin. Ẹni tí ó bá kó ìkóódẹ mẹ́wàá sínú báàgì lọ sí òkèèrè láìsí ìwé ti ṣẹ̀ bí ẹni tí ó kó ẹyẹ lọ. Ó lè dàbí ẹni pé òfin náà le jù fún ohun tí ẹyẹ máa ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹjọ́ náà kò sì ṣòro láti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí aṣọ́bodè tí ó lè wo ìyẹ́ kó sọ bóyá inú igbó ni wọ́n ti ṣà á tàbí lára ẹyẹ tí wọ́n pa. Ní Ghana, ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé odídẹrẹ́ ti dín kù ní ìwọ̀n 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1992. Àwọn tí ń mú un láàyè láti tà fún ẹni tí ó fẹ́ ẹyẹ tí ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n jẹ̀bi jù, kì í ṣe àwọn olórò.

Nínú gbogbo wọn, akíka ni ìtàn rẹ̀ burú jù. Ẹranko kékeré oníìpẹ́ ni, ìjàlọ àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, kò ní eyín lẹ́nu, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ewu bá dé, ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. Ìpẹ́ ara rẹ̀ gba á lọ́wọ́ àmọ̀tẹ́kùn, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, tí yóò gbé e sínú àpò. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́jọ ni oríṣi rẹ̀ ní ayé, mẹ́ta sì wà ní Nàìjíríà. Ìpẹ́ náà kò yàtọ̀ sí èékánná ọwọ́ ènìyàn, àmọ́ ní Ṣáínà àti Vietnam, wọ́n gbà pé ó ń wo àìsàn. Nígbà tí akíka ilẹ̀ Éṣíà tán lọ, Áfíríkà ni wọ́n yíjú sí, Nàìjíríà sì di ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré, àwọn aṣọ́bodè Singapore gba kọńténà méjì tí ó ti Nàìjíríà wá, tí ó ń lọ sí Vietnam. Ìwé èkíní sọ pé ẹran màlúù inú yìnyín ni ó wà nínú rẹ̀. Ìpẹ́ akíka tọ́ọ̀nù 12.9 ni wọ́n bá. Ìwé èkejì pè é ní èso igi, tọ́ọ̀nù 12.7 mìíràn ni. Ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà náà ṣe gudugudu méje: wọ́n ká tọ́ọ̀nù 7.1 mọ́ ilé kan ní Lẹ́kí, ní Èkó. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ṣírò gbogbo ohun tí wọ́n ti gbà tí ó ní í ṣe pẹ̀lú Nàìjíríà láti 2010 sí oṣù kẹsàn-án 2021 sọ pé ó lé ní tọ́ọ̀nù 190, èyí tí wọ́n ní ó ti ara akíka tí kò dín ní 799,000 wá. Gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ti igbó Nàìjíríà nìkan; púpọ̀ ni wọ́n ń kó wá láti Cameroon àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá sì rò pé iye yẹn ni gbogbo ohun tí ó jáde gbọ́dọ̀ rántí pé èyí tí wọ́n rí gbà nìkan ni wọ́n kà.

Níbí ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti padà sí ọ̀nà Àkúrẹ́, níbi tí àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́ ti ń fi ọjà wọn han àwọn awakọ̀. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òfin yìí kò kan ọlọ́dẹ, pé àwọn òyìnbó àti àwọn olówó kọńténà ni ó ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ CITES nìkan ni, òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ẹnubodè ni iṣẹ́ CITES mọ. Ṣùgbọ́n nígbà ìjọba ológun, ní oṣù kẹrin ọdún 1985, Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ láti fi mú àdéhùn náà ṣẹ, òfin ọ̀hún sì wọ inú igbó ju àdéhùn lọ. Ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọdẹ ẹranko tí ó wà nínú àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó má mú un, kí ó má sì tà á. Erin, ìnàkí, àmọ̀tẹ́kùn àti akíka wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́dẹ tí ó pa akíka nínú igbó, ìyá tí ó yan án tà lẹ́bàá títì, àti lékuléja tí ó fi ìpẹ́ rẹ̀ sórí àtẹ, gbogbo wọn ni ó wà lábẹ́ òfin náà, bí ẹran náà kò tilẹ̀ fojú kan ẹnubodè.

Kí ló wá dé tí kò sí ẹni tí ó mọ̀? Ẹ wo owó ìtanràn rẹ̀. Náírà 1,000 ni òfin 1985 ní kí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ san. Ní ọdún tí wọ́n ṣe é, náírà 1,000 ju 1,000 dọ́là lọ, ó tó kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi owó náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ó fi di 2016, náírà 1,000 kò tó dọ́là márùn-ún mọ́, akíka kan ṣoṣo sì lè san án kó ṣẹ́ kù. Ọdún 2016 yẹn ni wọ́n tún òfin náà ṣe tí ìtanràn fi di mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Àjọ NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa mú òfin àyíká ṣẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹjọ́ lọ sí kóòtù pẹ̀lú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Àjọ náà ni ó run tọ́ọ̀nù mẹ́rin ìpẹ́ akíka ní 2023, tí ó sì lọ eyín erin tọ́ọ̀nù 2.5 kúnná ní Àbújá ní oṣù kìíní ọdún 2024, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i kó padà sọ́jà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tí yóò gbé ìtanràn dé mílíọ̀nù 12 náírà àti ẹ̀wọ̀n dé ọdún mẹ́wàá.

Gbogbo agbára yìí ṣì ń lọ sí ẹnubodè jù. Ní 2025, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọlọ́dẹ agbègbè Cross River jáde, ó sì dojú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ dé. Nǹkan bí akíka 98 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń mú ló jẹ́ pé nítorí ẹran ni, kì í ṣe nítorí ìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ kò tilẹ̀ wá a lọ. Wọ́n pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ni. Owó tí wọ́n ń rí lórí ẹran rẹ̀ sì ju èyí tí wọ́n ń rí lórí ìpẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí àwọn oníṣòwò Éṣíà bá yé ra ìpẹ́ lónìí, tí gbogbo kọńténà sì mọ́ tónítóní, ìkòkò ọbẹ̀ yóò ṣì máa pa akíka nìṣó. Cross River kọ́ ni Oǹdó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jẹun ní búkà ẹlẹ́ran ìgbẹ́ ní Àkúrẹ́ kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí ibẹ̀.

Ìnàkí orí òkè Ìdànrè wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìran ìnàkí Nàìjíríà àti Cameroon, tí iye wọn kéré jù lọ nínú ìran ìnàkí mẹ́rin tí ó wà ní Áfíríkà, ṣì ní díẹ̀ tí ó kù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn olùwádìí láti FUTA sì ti tọ ipasẹ̀ àti ìtẹ́ wọn nínú igbó agbègbè Ìdànrè. Kò sí ààbò lórí ìwé tí wọn kò ní. Wọ́n wà ní Àkójọ Kìíní, wọ́n sì wà nínú òfin 1985. Orúkọ àmọ̀tẹ́kùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lóde òní, tí ènìyàn bá gbọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Àkúrẹ́, ẹ̀ṣọ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020 ni yóò wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe ẹranko tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí nínú igbó mọ́.

Ohun tí ń lé ìnàkí kúrò ní Ìdànrè kì í ṣe òwò ìnàkí. Kòkó ni. Wọ́n ń pa igbó láti fi gbin kòkó, tí igi ńlá bá sì ti wó, ìnàkí kò ní ibi tí yóò tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. CITES kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ sí èyí, nítorí kòkó kò sí nínú ewu ìparun, kò sì sí nínú àkójọ kankan. Òfin tí ó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kòkó ti ibòmíràn wá. Ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé ẹni tí ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tí ó ti wá lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ní oko ní ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè yóò ní láti fi hàn pé oko òun ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ó sì yẹ kí àwọn tí ń ra kòkó ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti máa wọn oko àwọn tí ń tà fún wọn láti ìsinsìnyí.